Ní ti Àwọn Ilé Àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ìtọ́jú Wọn

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ní kí èmi kọ ìtàn díẹ̀ nípa ìlú wa. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ nípa àwọn àlùfáà tí ó ti sìn wá, nípa ẹgbẹ́ akọrin, àti nípa ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Èyí tí ó kù fún mi, tí mo sì yàn, ni ọ̀rọ̀ ilé: àwọn ilé tí àwọn baba wa fi ọwọ́ ara wọn kọ́, tí wọ́n wà láàárín wa, tí òjò sì ń wẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ ní ojú wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dùn púpọ̀ láti sọ ní ọjọ́ ayọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yẹ kí a bèèrè èyí tí ó kù nínú ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́.

Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ pé Ọ̀yọ́ tí a wà yìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, wà ní ìhà àríwá tí ó jìnnà sí wa. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ibẹ̀ ní 1826. Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ sì dé ibẹ̀ ní 1830. Ìlú ńlá tí odi yí ká ni wọ́n bá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ogun àwọn ará Ìlọrin, àti ìjà tí ó wà láàárín àwọn ìjòyè àti ọba wọn, fi tú ìlú náà ká. Ní nǹkan bí 1837 Aláàfin Àtìbà gbé ìtẹ́ kalẹ̀ ní Àgọ́-Ọ̀jà, ó sì sọ ibẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìlú àtijọ́ di igbó. Lónìí ó wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, níbi tí ẹfọ̀n àti ìnàkí ti ń rìn lórí odi tí ó ti wó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí ohun tí Àtìbà ṣe. Kò lè ru ògiri kan wá láti Ọ̀yọ́-Ilé. Amọ̀ kì í rin ìrìn-àjò. Ohun tí ó mú wá ni ètò: oyè àti ipò olúkúlùkù, àgbàlá tí ó tẹ̀lé àgbàlá, kọ̀bì ní ojú ààfin, àti ọjà Akẹ̀sán níwájú ọba. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń mọ ilé wà láàyè, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ṣeé ṣe pé kí ààfin kan wó kí òmíràn sì dìde ní àwòrán rẹ̀. Bí àwa bá pàdánù ògiri tiwa lónìí, tí a kò sì ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ mọ́, kò sí Àgọ́-Ọ̀jà kankan tí a lè sá lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé ilé amọ̀ jẹ́ ilé òṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni a ń wà, a óò bu omi sí i, a óò fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì lẹ̀. A óò jẹ́ kí ó sùn, a óò sì tún un gún. Ìpele kan ṣoṣo ni a ń mọ lẹ́ẹ̀kan náà. A óò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí a tó gbé ìpele kejì lé e, nítorí ẹni tí ó bá kánjú ni ògiri rẹ̀ ń là. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò iṣẹ́ náà, ọ̀wẹ̀ ni a sì fi ń ṣe é: ọkùnrin ń gún amọ̀, obìnrin àti ọmọdé ń pọn omi, àwọn àgbà tí ó mọ ojú ògiri sì ń wò ó bóyá ó tọ́. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, àwọn obìnrin a fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ara ògiri náà títí yóò fi máa dán. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, omi òrùlé sì ń ṣàn sínú ìkòkò ní àárín. Ilé bẹ́ẹ̀ tutù ní ọ̀sán, ó sì móoru ní òru ọyẹ́. Àwa tí a ń sùn lábẹ́ páànù ní oṣù kẹta ọdún mọ ohun tí a ti sọnù.

Ti ààfin sì ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Kọ̀bì, èyí tí í ṣe òrùlé tí a gbé yọ síwájú lórí òpó gbígbẹ́, jẹ́ àmì ilé ọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afolábí Òjó kọ ìwé kan jáde ní 1966 nípa àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ààfin ni ó tóbi jùlọ nínú gbogbo ohun tí àwọn baba wa kọ́, àti pé ojú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ìlú ń lọ.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọkàn mi gbé wà. Koríko ni a fi ń bo àwọn ilé wọ̀nyí, koríko sì ń jẹrà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òjò a máa rí ọ̀nà wọlé. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Wọn kò sì fi ìtọ́jú òrùlé ààfin sí ọwọ́ ẹni tí ó bá rántí, tàbí ẹni tí àánú bá ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí a fi ń bo ilé, Ọdún Bẹẹrẹ sì ni orúkọ àjọ̀dún náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú koríko gbó, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a gé e, wọn a dì í ní ìtí, wọn a sì rù ú wá sí Ọ̀yọ́ kí a lè fi tún orí ààfin bò. Ìlú tí kò bá mú bẹẹrẹ wá ti sọ láìfọhùn pé òun kò mọ ọba mọ́. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀, sọ fún wa pé Ọdún Bẹẹrẹ yìí ni a fi ń ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí oyè. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò: ọjọ́ orí ìjọba àti àtúnṣe òrùlé, ìṣirò kan náà ni. Ọba tí ó ti jẹ ogún ọdún ni ọba tí a ti tún orí ilé rẹ̀ bò ní ìgbà ogún.

Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, Ọ̀gágun W. A. Ross, tí ó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ọ̀yọ́ láti 1914 títí di 1931, gbé Ọdún Bẹẹrẹ ga. Ó fẹ́ kí àwọn ọba àti baálẹ̀ gbogbo wá bọ̀wọ̀ fún Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ní gbangba. Èyí kò dùn mọ́ àwọn ará Ìbàdàn nínú rárá, ní 1934 ni wọ́n sì gba ara wọn kúrò lábẹ́ àṣẹ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí a ń wí yìí, bẹẹrẹ ti di ohun ìforíbalẹ̀ ju ohun ìbolé lọ, nítorí páànù ń gba orí ilé lọ́wọ́ koríko káàkiri.

Èmi kò bá páànù jà. Ẹni tí ó bá ti rí iná orí koríko rí, bí ó ti ń fò láti agbo ilé dé agbo ilé ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, yóò dúpẹ́ fún páànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí páànù dé, a rò pé ilé kò ní bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa mọ́. Iṣẹ́ ọdọọdún dópin, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí a fi rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni páànù ń dípẹtà, ìṣó rẹ̀ ń tú, etí rẹ̀ sì kúrú ju etí òrùlé koríko lọ, tí omi tí ó ń já bọ́ láti ibẹ̀ fi ń ta sí ìdí ògiri. Ògiri amọ̀ ń kú láti orí àti láti ẹsẹ̀. Fún un ní àkẹtẹ̀ tí ó gbòòrò àti bàtà tí ó gbẹ, yóò sì sin ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Jẹ́ kí páànù kan ṣoṣo ṣí ní igun kan kí ẹnikẹ́ni má sì gùn ún lọ wò. Òjò ọdún mẹ́ta péré ni ó kù.

Àwọn ewu mìíràn wà tí kì í ṣe ti òjò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 Captain Bower yin ìbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́ ní ìgbà Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ní ọdún tí Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ pásítọ̀ ìjọ níhìn-ín. Ní 2013 iná jó apá kan nínú ààfin. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2020 iná jó ọjà Akẹ̀sán. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún un kọ́, àwọn ìyá wa sì padà sí ìsọ̀ wọn. Iná a máa mú kí gbogbo ènìyàn sáré wá pẹ̀lú omi àti igbe. Òjò kì í pe ẹnikẹ́ni. Ní èrò tèmi, ohun tí òjò ti mú lọ ní Ọ̀yọ́ ju ohun tí iná àti ìbọn mú lọ.

Àwa ọmọ Ìjọ náà ní ilé tí a fi lé wa lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí C.M.S. fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti katikíìsì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ nígbà Ìfọ́lé 1867, ó lọ sí Èkó, ní 1896 a sì gbé e wá sí Ọ̀yọ́ níhìn-ín, ó sì di St. Andrew's College. Melville Jones ni olórí rẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Èkó lẹ́yìn náà. Láti ọgbà yìí ni àwọn tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ wa ti jáde. D. O. Fágúnwà ka ìwé níbẹ̀ láti 1926 sí 1929, kí ó tó kọ ìwé àwọn ọdẹ rẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Láti 2005 ọgbà náà ti di ti Yunifásítì Àjàyí Crowther. Orúkọ rere ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu: ní 1821 ogun jó Òṣogùn, ìlú Crowther, a sì mú òun tí ó jẹ́ ọmọdé lẹ́rú. A kò lè mú ọmọ wa dé ẹnu ọ̀nà ilé tí a bí Bíṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́ sí. Ṣùgbọ́n a ṣì lè mú wọn dé ọgbà St. Andrew's. Yunifásítì kò lè ṣàì kọ́ ilé ńlá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí arúgbó, ni pé kí a máa kọ́ ti titun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí a má ṣe kọ́ ọ sí orí rẹ̀.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Àlùfáà Johnson, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀. Ìwé náà sọnù. Johnson sùn nínú Olúwa ní Ọ̀yọ́ ní 1901, kò sì rí i kí a tẹ̀ ẹ́. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, kó àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ó kù jọ, ó fi wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Gbogbo wa ni a ń jẹ nínú oko náà títí di òní. Ẹ wò ó: a lè tún ìwé tí ó sọnù kọ bí àkọsílẹ̀ bá wà. Ilé tí a wó kò ní àkọsílẹ̀ kéékèèké kankan, àfi bí ẹnìkan bá ti wọ̀n ọ́n, tí ó sì ti ya àwòrán rẹ̀, kí a tó gbé òòlù sí i.

Bí a bá gba ọ̀nà àríwá láti Ọ̀yọ́, a óò dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn sọ pé Ògúnlọlá, tí í ṣe ọdẹ, tẹ̀dó sí ìdí igi àjàgbọn, ó sì gba orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Nígbà tí àwọn ìlú tí ó yí i ká ń tú ní ìgbà ogun Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ kò tú. Odi rẹ̀ àti àwọn akọni rẹ̀ dá a sí, àwọn ìsáǹsá láti ìlú púpọ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ, títí ó fi di ìlú ńlá. Ní ibi púpọ̀ lónìí ilé ti bo ipa odi náà mọ́lẹ̀, ọmọdé a sì máa gba bọ́ọ̀lù lórí ohun tí ó gba ẹ̀mí àwọn baba ńlá rẹ̀ là láìmọ̀.

Àwọn ará wa Onítẹ̀bọmi ni ó ṣe iṣẹ́ Ìhìnrere púpọ̀ jùlọ níbẹ̀, ó sì tọ́ kí a fi ọlá fún wọn. T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Òun kan náà ni ó kọ ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ní 1898 C. E. Smith dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀, ní 1907 sì ni Dókítà George Green dé pẹ̀lú iṣẹ́ ìwòsàn tí ó ti di ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bowen. Mo kíyèsí i pé níbi tí iṣẹ́ bá ń lọ nínú ilé, ilé náà a máa pẹ́. Kì í ṣe nítorí pé ẹnìkan fẹ́ràn ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé bí òjò bá kán sí orí aláìsàn tàbí sí orí ìwé akẹ́kọ̀ọ́, a óò pe káfíńtà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tí a tì pa ni ó ń kú.

Ilé títì pa pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ní ìdí. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ oníṣòwò tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò, àti ní ilẹ̀ Gold Coast tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, títí dé Tamale ní òkè rẹ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé alájà sí ìlú wọn, pẹ̀lú fèrèsé onígi àti òpó tí a ṣe ọ̀ṣọ́ sí lára, ní àwòrán ilé àwọn Àgùdà ti Èkó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó padà ní ọdún náà kò ní ohun mìíràn ní ayé ju ilé tí wọ́n ti kọ́ sílé lọ. Àwọn ọmọ wọn ti tún tú ká sí Èkó, sí Abuja, àti sí òkè òkun. Ilé wá di ilé ẹbí, ilé ẹbí sì ni ó ṣòro jùlọ láti tún ṣe. Olúkúlùkù ní yàrá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní òrùlé. Ẹni tí ó bá fi owó tirẹ̀ pààrọ̀ páànù, wọn a ní ó fẹ́ gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fi owó sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Mo ti rí ẹbí mẹ́rin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú lórí igun kan tí ó jò, títí igun náà fi wó tí ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìjọba ni ó ni iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, òfin wà. Ní 1943 ni a yan K. C. Murray ṣe alábòójútó ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ yìí, òfin kan tẹ̀lé e ní 1953, ní 1979 sì ni a dá àjọ tí ń bójútó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar ní Èkó, ilé alájà tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìtòsí ojúde Tinúbú. Láti 1956 ni ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, a wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba kò di òrùlé mú. Ilé òkè tí C.M.S. kọ́ ní Àgbádárìgì, tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí a sì parí rẹ̀ ní 1845, dúró títí di òní. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó láti ibi gbogbo, ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojoojúmọ́.

Mo ní láti fi ọwọ́ kan ohun tí ó wà nílé. Ní ìjọ kan tí èmi kò ní dárúkọ, tí kì í ṣe èyí, a wó ilé katikíìsì àtijọ́ ní oṣù méjì kí àjọ̀dún wọn tó dé, kí àyè lè wà fún kánópì àti jẹnẹrétọ̀. Ilé náà kò là, kò sì tẹ̀. Òkúta tí a kọ ọdún sí, tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ni a fọ́ mọ́ ara sàárà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkàn búburú níbẹ̀. Gbogbo wọn rò pé wọ́n ń tún ọgbà Ọlọ́run ṣe. Ní ìjọ mìíràn, wọ́n fẹ́ dá ògiri àtijọ́ sí, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nípọn. Sìmẹ́ńtì kì í bá amọ̀ gbé. Omi a wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sìmẹ́ńtì náà a bó lulẹ̀ ní odidi, a sì fa ara ògiri lọ pẹ̀lú rẹ̀. Amọ̀ ni a fi ń tún amọ̀ ṣe. Àwọn àgbà obìnrin tí ó mọ bí a ti ń pa ògiri ṣì wà ní àwọn abúlé wa, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, wọn kò sì ní wà títí.

Èmi kò wí pé kí a dá gbogbo ilé ògbólógbòó sí. Ilé wà tí ó kàn ti gbó ni, ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ sì yẹ fún ilé tí kò jò. Ẹni tí òjò ń pa kò gbọdọ̀ gbọ́ ìwàásù nípa àwọn baba ńlá. Ṣùgbọ́n kí a tó wó, kí a bèèrè.

Ní ìlú Jenne ní ilẹ̀ Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí a fi amọ̀ mọ ní 1907. Ní ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde ní ọjọ́ kan láti fi amọ̀ titun rẹ́ ẹ: obìnrin ń ru omi, ọkùnrin ń ru amọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gun igi tí a fi há ara ògiri lọ sókè. Mo mọ̀ pé mùsùlùmí ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọdún Bẹẹrẹ ti wà ṣáájú Ìhìnrere. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé iṣẹ́ náà ní ọjọ́, ọjọ́ náà sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ ẹ̀rí láti inú Ìwé Mímọ́, kí ó ka orí kejìlá nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Jehoaṣi ọba pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí wọ́n máa fi owó tí ó ń wọlé tún ibi tí ó ya lára ilé Olúwa ṣe. Ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀ pé, wọn kò tíì ṣe é. Jehoiada àlùfáà wá gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀bá pẹpẹ. Owó inú rẹ̀ lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn ọ̀mọlé. Ibẹ̀ náà ni a ti kà á pé a kò mú nínú owó náà ra ọpọ́n fàdákà tàbí fèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó ra aṣọ àjọ̀dún tí gbogbo wa wọ̀, ó dára púpọ̀. Àpótí Jehoiada náà dára.

Ìmọ̀ràn mi sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ kò wúwo. Kí a yan ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kejì ọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nígbà tí àwọn baba wa ń bo ilé. Ní ọjọ́ náà kí àwọn ọ̀dọ́ gun orí ilé-ìsìn, ilé àlùfáà, àti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, kí wọ́n kan ìṣó tí ó tú, kí wọ́n pààrọ̀ páànù tí ó jẹ, kí wọ́n gbá ewé kúrò nínú ọ̀nà omi. Kí àwọn mìíràn wo ìdí ògiri, kí wọ́n pa ikán, kí wọ́n la ojú àgbàrá kí omi lè lọ. Kí àwọn ìyá tí ó mọ̀ ọ́n pa ògiri kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Kí akọ̀wé kọ ohun tí a ṣe sínú ìwé kan náà ní ọdọọdún, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, kí ìwé náà sì wà nínú àpótí ìjọ pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, mo ti fi okùn wọn ilé àlùfáà àtijọ́, yàrá dé yàrá, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan sì bá mi ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Ohun tí kò sí nínú àwòrán náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn tí a ti wó. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìtẹ́wọ́gbà tí a yà níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí yàrá ìmúra lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdé. A óò ya ẹ̀dà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a óò sì dá ti olówó padà fún un kí ó tó lọ sílé.